Ọkùnrin Tó Ń Ra Tẹ́dì Tí Kò Lóhùn

Bí ọkùnrin ayàwòrán yẹn bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Ìlá, àyà tẹ́dì ló kọ́kọ́ máa ń tẹ̀. Tẹ́dì pupa, ọmọlángidi tí mo ń tà fún Falẹntáìnì ni, bí o bá tẹ̀ ẹ́ láyà, á ní, "Ai lọ́ọ̀fù yù." Èyí tó bá fọhùn, yóò dá a padà. Èyí tí bátìrì rẹ̀ ti kú ló ń rà.

"Bọ̀dá, ṣé òkú ọjà lẹ wá ń ṣà ni?"

"Àǹtí, èmi àti wọn ló jọra."

Mo rẹ́rìn-ín títí. N ò mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Ìyàwó rẹ̀ ló kú. Omi kan kò bọ́ lójú rẹ̀ níbi ìsìnkú, ìyá ìyàwó sì ti Ìgèdè wá búra pé kò fẹ́ràn ọmọ òun rí. Ni ọkùnrin náà bá so àwọn tẹ́dì náà rọ̀ yí pálọ̀ ká, ó ní iṣẹ́ ọnà ni, ó ránṣẹ́ pe màmá ìyàwó. Èmi náà lọ wòran.

Màmá tẹ àkọ́kọ́ láyà. Kò dún. Ó ń tẹ̀ wọ́n lọ kíkankíkan, bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu.

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé báyìí ló rí nínú rẹ?"

"Mò ń tẹ̀ ẹ́, mà. Kò dún."

Màmá tú gèlè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fà á lọ́wọ́.

"Jókòó tì mí. N ó sun ẹkún tèmi, n ó sì bá ọ sun tìẹ."