Ọjọ́ tí Bàbá Mi Wá Yọ Mí Kúrò Nínú Báyọ́lọ́jì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Sabon Gari, Kánò, nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù fáìfù, ní ìparí àwọn ọdún 1970. Títí dòní, ẹnu ṣì ń yà mí!

Tíṣà báyọ́lọ́jì wa (Málàm là ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ni o!) sọ fún wa pé kóòdù kan wà nínú ara, lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta. Ó ní kinní kékeré kan tó ń jẹ́ tRNA ló ń ka lẹ́tà yẹn, tó sì ń gbé ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ara wá. Ó ní kóòdù kan náà ló wà lára èèyàn, lára ewúrẹ́, àti lára yíìsì tó ń mú búrẹ́dì wú, àfi bíi pé ọ̀dọ̀ baba ńlá kan ni gbogbo wa ti wá.

Èmi ẹlẹ́nu, mo lọ sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Yéè! Bàbá mi, díákónì ṣọ́ọ̀ṣì, ju ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní ṣé torí kí wọ́n lè sọ àwọn di mọ̀lẹ́bí ewúrẹ́ làwọn ṣe rán mi níléèwé? Wọ́n ní bílẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ń bọ̀ wá yọ mí kúrò nínú báyọ́lọ́jì. Mo bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ dà, láìsí báyọ́lọ́jì, ó parí nìyẹn! Àbúrò mi ní tiẹ̀ ń fi Hausa pè mí ní 'yar akuya, ọmọ ewúrẹ́. Ọmọ burúkú!

Lóòótọ́, Bàbá dé láàárọ̀ pẹ̀lú kákí rélùwéè lọ́rùn. Iṣẹ́ wáyà ni wọ́n ń ṣe ní stéṣọ̀n: wọ́n á fi ìka tẹ kinní kan, tò-tò-tóò, ẹni tó wà ní Zaria á sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Málàm dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó ya tRNA sójú pátákó, ó sì ṣàlàyé.

Bàbá wò ó títí. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn náà rèé. Ṣùgbọ́n kí àwọn àti ará Zaria tó gbọ́ra àwọn yé, ẹnì kan ti kọ́ àwọn méjèèjì ní kóòdù. Wọ́n wá bèèrè pé, "Kinní kékeré yìí, ta ló kọ́ tàkọ́kọ́ ní kóòdù?"

Málàm gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ̀. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ láyé. Ìbéèrè yìí gan-an làwọn onímọ̀ ń wá ìdáhùn sí."

Háà! Tíṣà, láyé ìgbà yẹn, ló sọ níwájú ọmọ iléèwé pé òun ò mọ̀! Mo ní ó ti tán, Bàbá á fà mí jáde.

Àfi bí Bàbá ṣe bọ̀ ọ́ lọ́wọ́! Wọ́n ní irọ́ làwọn rò pé ó máa pa. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní kí n jókòó síbẹ̀ títí àwọn onímọ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Bàbá ò gbà pé mọ̀lẹ́bí wa ni ewúrẹ́ o, títí wọ́n fi kú!

Mo di nọ́ọ̀sì. Nígbàkigbà tí mo bá délé, kí n tó kúnlẹ̀ tán ni Bàbá á ti bèèrè pé, "Ṣé wọ́n ti rí i?" Màá ní, "Wọn ò tíì rí i, sà." Wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo kọ́ ni pé "mi ò mọ̀" kì í ṣe ìtìjú. Òun ló gba ọjọ́ iwájú mi là. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló sọ "mi ò mọ̀" fún yín rí, tí inú yín sì dùn? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ jẹ́ ká jọ kà á.