Ìyá Kọ́tìnì àti Àrán Pupa Ilé Sinimá

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kì í pẹ́ dé ilé sinimá. Kàkà kó pẹ́, á kúkú dúró sílé. Bí wọ́n bá ní aago mẹ́rin ni fíìmù máa bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀ á ti bá a lórí ìjókòó kẹrin láti iwájú, báàgì lórí itan, tí yóò tẹjú mọ́ kọ́tìnì tí kò tíì ṣí. Kọ́tìnì lásán o! Èmi tí mò ń wo fíìmù lórí fóònù, tí mo máa ń fo ibi tí kò bá wù mí, mo máa ń bi í pé kí ló wà lára aṣọ tó ń wò bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun.

"O ò lè mọ̀," ló máa ń dá mi lóhùn. "Ìwọ tó ò lè jókòó jẹ́ẹ́."

Télọ̀ ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń rán kọ́tìnì fún àwọn onílé, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Kọ́tìnì. Ilé sinimá tó ń lọ yìí ti darúgbó. Àwọn àga rẹ̀ ń ké, òórùn gúgúrú àti eruku ò sì kúrò níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà nínú yàrá ẹ̀rọ lókè, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Òkè (kì í ṣe ti ọ̀run o), tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Kì í pa iná lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń dín in kù, títí ariwo àwọn èèyàn á fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fíìmù kọ́kọ́ bọ́ sára kọ́tìnì, kí kọ́tìnì tó pín sí méjì. Òfin tirẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lára rẹ̀ níhòòhò. Òfin yìí ni ẹ̀gbọ́n màmá mi fẹ́ràn ju fíìmù gan-an lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ tó ń fa kọ́tìnì náà dẹnu kọlẹ̀, ó sì fa aṣọ ọ̀hún ya láti òkè dé ilẹ̀. Máníjà tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ní kí wọ́n kó o dànù, kí wọ́n sì tú irin tó gbé e dúró kúrò pátápátá. Ẹ̀gbọ́n màmá mi mú mi dání, ó di ọ́fíìsì.

"Ọmọ mi, má tíì tú irin yẹn."

"Màmá, ta ló ń wo kọ́tìnì láyé ìsinsìnyí? Fíìmù làwọn èèyàn ń bá wá."

"Èmi ń wò ó."

"Ẹ̀yin nìkan ni, Màmá."

"Ó dáa. Fún mi láyè di Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá rán òmíràn. Tó bá ṣí tí kò sẹ́ni tó bìkítà, kó o tú irin rẹ."

Máníjà wò mí bí ẹni pé kí n gba òun sílẹ̀. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ló bá gbà.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan la ò fi rí ilẹ̀ yàrá ìránṣọ rẹ̀. Àrán pupa bo àga, ó bo tábìlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo èmi náà tí mò ń bá a di etí aṣọ mú. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ojú ń ro ó. Mo ní kó sinmi, ó ní tóun bá kú òun á sinmi. Mo bínú sí i lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Lójú mi, ẹni àádọ́rin ọdún ò yẹ kó máa pa ara rẹ̀ nítorí aṣọ tí àwọn èèyàn ò ní wò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, káfíńtà ilé sinimá bá wa gbé e kọ́. Bàbá Òkè sọ̀ kalẹ̀ wá fa okùn rẹ̀. Apá méjèèjì rìn wá pàdé, gbogbo wa sì rí i: àlàfo funfun kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, láti òkè dé ilẹ̀. Iṣẹ́ fèrèsé ni ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣe. Ó wọ̀n ọ́n kí etí méjèèjì kan ara wọn láàárín, bó ṣe máa ń wọ̀n ọ́n fún àwọn onílé, ó gbàgbé pé ti sinimá gbọ́dọ̀ gun orí ara wọn. Ìwúwo àrán sì tún fà á sẹ́yìn.

"Tó bá jẹ́ pálọ̀ ni, kò burú," ni káfíńtà wí.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Mi ò tíì rí i kó sunkún látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí fún gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo ti fi í ṣe.

Àrán ò ṣẹ́kù mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ kọ́tìnì náà.

"Màmá, ibi tẹ́ ẹ ká sínú yìí pọ̀ jù. Ṣé a ò lè gé lára ẹ̀?"

Ó nu ojú. "Orí ẹ tiẹ̀ máa ń pé nígbà míì," ló wí, ó sì ní kí n lọ mú sísọ́ọ̀sì wá. A gé e, a tò ó pọ̀, ó sì rán an mọ́ etí kan láàárín. Kó tó di ọ̀sán Sátidé, àlàfo ti dí.

Ó wá ku ẹni tó máa fà á. Wọn ò tíì tún ẹ̀rọ ṣe, ọwọ́ la máa fi fa okùn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi téèyàn ò ti lè rí iwájú kọ́tìnì rárá. Bàbá Òkè ò sì lè wà lókè kó tún wà nísàlẹ̀. Mo ní kí n fà á.

"O ò tíì mọ ìgbà tí wọ́n ń fà á," ẹ̀gbọ́n màmá mi wí. "Èmi ni màá fà á. Lọ jókòó síbi tí mo máa ń jókòó. Bá mi wò ó dáadáa."

Èrò ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, àmọ́ ilé náà kún dé ìdajì. Máníjà dúró lẹ́yìn, ó káwọ́ gbera, káfíńtà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tòun ti àpótí irinṣẹ́. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ariwo rọlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sára àrán, lẹ́tà orúkọ fíìmù sì ń mì lẹ̀lẹ̀ lára rẹ̀. Ìgbà náà ni kọ́tìnì ṣí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ojú ọmọ tó ń jí. Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún mi ní "Háà!" Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù bá dara pọ̀. N ò mọ ìgbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Máníjà ń pàtẹ́wọ́, ó sì ń juwọ́ sí káfíńtà pé kó máa lọ sílé.

Mo sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n màmá mi. Okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Báwo ló ṣe rí? Sọ gbogbo ẹ̀ fún mi."

Mo sọ ọ́ láìfo ibì kankan. Ó di ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀rín sì gba gbogbo ojú náà.

"Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fà á," ni mo wí. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ máa jókòó."

Ó gbé okùn náà lé mi lọ́wọ́, ó wá fi ọwọ́ tirẹ̀ bo tèmi.