Ààwẹ̀ Nítorí Físíìsì

Bí ẹ bá ń wá ọmọ tó mọ̀wé ní Adó-Èkìtì lásìkò tí mò ń wí yìí, ẹ má wá a jìnnà. Olúyẹ́misí ni, ọmọbìnrin Tíṣà Adéyẹyè. N kò pọ́n ọn ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá rẹ̀ dé, máàkì éè ló tò lọ rẹrẹ: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì, títí dórí ẹ̀kọ́ Bíbélì. Físíìsì nìkan ló yà bàrá, tó lọ já sí mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà náà: mẹ́fà kì í ṣe pé ọmọ fìdí rẹmi. Kírédíìtì ni, àmọ́ òun ló kẹ́yìn nínú kírédíìtì. Bó bá fi díẹ̀ yẹ̀ sísàlẹ̀, páàsì lásán nìyẹn. Ọmọ mìíràn ì bá jó yí Adó po. Yẹ́misí jókòó sẹ́yìn ilé, ó ń sunkún.

Iṣẹ́ apòògùn ló fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣa ìrẹsì ni wọ́n ń ṣa ọmọ níbẹ̀. Kò sí ẹni tí kò bi léèrè. Ó bi àwọn tíṣà rẹ̀, ó bi nọ́ọ̀sì tó ń gbé àdúgbò wọn, ó bi ọkùnrin tó ń ta ìwé ní ọjà. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé wọ́n lè gba mẹ́fà?” Ẹni kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹlòmíràn á mirí. Ẹni tó mirí ló máa ń gbà gbọ́, nítorí ìbẹ̀rù kì í gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ rí i pé ọmọ kò jẹun mọ́, ó ní òun fúnra òun á lọ Ifẹ̀ lọ béèrè. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Tíṣà ní Ìyìn-Èkìtì. Àràárọ̀ ló ń gun Họ́ńdà rẹ̀ lọ síbẹ̀, aṣọ rẹ̀ a sì gún régé. Bó bá ní òjò á rọ̀, àwọn ará àdúgbò a kó aṣọ wọlé. Akínyẹlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fi píjò kó èrò ní gáréèjì Fájuyì, ló gbé e lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n padà dé. Tíṣà ṣí fìlà, ó pe ọmọ.

“Yẹ́misí, mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní mẹ́fà yẹn kò lè wọlé. Má tíì gba fọ́ọ̀mù kankan, kí wọ́n má baà ta ọ́ nù, kí ojú má tì wá. Tún Físíìsì yẹn kọ ná.”

Ọmọ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ní kí Ọlọ́run bá òun dá owó epo mọ́tò padà fún bàbá òun.

Ìyá rẹ̀ ló gba ọ̀rọ̀ náà bí iṣẹ́. Ìyá Ajíbádé ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí Ajíbádé ni àkọ́bí, Yẹ́misí ló tẹ̀ lé e. Bàbá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tí wọ́n ti ń fi dùrù kọrin, ìyá wà ní ìjọ Aládùúrà, níbi tí wọn kì í ti fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ìyá ní àwọn méjèèjì á máa gbààwẹ̀ nítorí Físíìsì, ní gbogbo Ọjọ́rú àti Ẹtì. Omi kò ní kàn wọ́n lẹ́nu títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá á dojú bolẹ̀, á máa ké, òógùn á bò ó. Yẹ́misí á wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ bó ti ń mì, á sì sọ nínú ara rẹ̀ pé bí ohun gbogbo tilẹ̀ dojú rú, ẹnì kan ń bá òun ru ẹrù yìí.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Ajíbádé wọ yunifásítì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbìyànjú tí kò bọ́ sí i, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé bí àlejò bá dé, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà jáde. Nígbà tí tirẹ̀ wá bọ́ sí i, inú gbogbo ilé dùn. Yẹ́misí ló fọ aṣọ rẹ̀, òun ló lọ̀ ọ́, òun ló di àpótí rẹ̀. Kò ṣe ìlara. Ó kàn ń rò ó pé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹnì kan á di tòun náà.

Ó tún Físíìsì kọ ní oṣù kọkànlá. Kí èsì tó jáde ni ariwo gbòde pé ìjọba ti dá JAMB sílẹ̀: ìdánwò kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà á jọ máa kọ kí wọ́n tó wọ yunifásítì. Ẹnu ọ̀nà tó há tẹ́lẹ̀ tún há sí i. Yẹ́misí àti ìyá rẹ̀ fi Ọjọ́ Ajé kún ààwẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan ló lọ gba ẹrù ìyá rẹ̀ ní Fájuyì, tí ètè rẹ̀ gbẹ, tí òòrùn sì mú. Akínyẹlé rí i lókèèrè, ó pè é. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ríra, nítorí Ìlọrin ni ọkùnrin náà ti lọ ń wa mọ́tò.

“Dókítà wa,” ni Akínyẹlé wí. “Ṣé dáadáa ni gbogbo ará ulé? Ìgbà wo lẹ gba ìsinmi?”

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ìsinmi ibo, sà?”

“Ti Ifẹ̀ ńkọ́.”

“N kò tíì lọ, sà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n ní mẹ́fà mi kò wọlé.”

Akínyẹlé rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọmọ ń bá òun ṣàwàdà ni. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èmi ni mo gbé bàbá ẹ lọ, a jọ wọ ọ́fíìsì náà ni. Ọkùnrin ibẹ̀ tilẹ̀ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, ṣé mẹ́fà yìí náà lọmọ ń torí ẹ̀ sunkún? Ó ní kírédíìtì ni kírédíìtì ń jẹ́, kí o tètè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.”

Akínyẹlé wo ojú ọmọ náà, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bóyá òun ló ṣì í gbọ́. Ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ pe èrò, bẹ́ẹ̀ mọ́tò rẹ̀ ti kún.

Kì í ṣe ìbànújẹ́ ló kọ́kọ́ dé bá Yẹ́misí, ìtìjú ni. Ó rántí gbogbo àwọn tó bi léèrè, ó rántí bó ṣe kúnlẹ̀ dúpẹ́. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀: mẹ́fà tó ti ń ṣépè fún látọjọ́ yìí kò ṣẹ òun rárá. Bàbá tó bí i lọ́mọ ló jókòó, tó wò ó lójú, tó purọ́ fún un. Kò gba ẹrù kankan mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé.

Bàbá ti lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà ní Ìgèdè. Ìyá wà nídìí ààrò, ó ń din àkàrà tí wọ́n á fi ṣínu.

“Màámi, mo rí Bàbá Akínyẹlé.”

Ìyá kò béèrè ohun tí ọkùnrin náà sọ. Ó kàn gbé agbada sọ̀kalẹ̀ lórí iná. Ibẹ̀ ni Yẹ́misí ti mọ̀.

“Ẹ mọ̀ sí i?”

“Jókòó ná, ọmọ mi.”

“Látìgbà wo?”

“Ọjọ́ tí wọ́n ti Ifẹ̀ dé ni bàbá ẹ ti sọ fún mi.” Ìyá fi ìdí ìró nu ọwọ́. “Ẹ̀gbọ́n ẹ ti já lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìwọ àbúrò, tí o tún jẹ́ obìnrin, bá kọjá lórí ẹ̀ lọ sí yunifásítì, ìtìjú á pa á. Bàbá ẹ ní kí o dúró dè é fún ọdún kan péré. Ọpọlọ tìẹ kò lè sá lọ. Ajíbádé kò mọ nǹkan kan, má bínú sí i.”

“Ẹ ò lè sọ fún mi? Kí ẹ ní kí n dúró dè é?”

“Ṣé wàá gbà?”

Yẹ́misí gan-an kò mọ̀ bóyá òun ì bá gbà, wọn kò sì jẹ́ kó mọ̀ ọ́n láé. Ebi ti kúrò lára rẹ̀. Ó wo iwájú orí ìyá rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé àdúrà ti fi àmì dúdú sí.

“Màámi, gbogbo ààwẹ̀ tí a jọ gbà ńkọ́? Ẹ̀ ń dojú bolẹ̀, ẹ̀ ń sunkún. Nígbà tí ẹ ti mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe mẹ́fà yẹn, kí lẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run fún?”

Ìyá Ajíbádé wo epo inú agbada títí tó fi dákẹ́ ariwo. Kò purọ́ mọ́.

“Mò ń bẹ̀ Ẹ́ pé kí o má mọ̀ ni.”