A Kì Í Ka Ọmọ f'Ọ́lọ́mọ

“Sọ fún un pé a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ!”

Màmá àgbà fi ọwọ́ gbá tábìlì nọ́ọ̀sì, páálí ìbọ̀wọ́ já bọ́ sílẹ̀. Gbogbo aláboyún tó jókòó ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa, ní Hindawiyah ní Jeddah, ló yíjú sí wa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, èmi sì ni ògbufọ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Lárúbáwá sì rọrùn lẹ́nu mi ju Yorùbá lọ. Mo wo nọ́ọ̀sì, mo wo màmá àgbà. Mo mọ̀ pé mo ti wọ gàù.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì béèrè: ọmọ mélòó ni ìyá mi ti bí ṣáájú oyún yìí? Bí kò bá sí iye ọmọ, kò sí fáìlì. Bí kò bá sí fáìlì, kò sí dókítà. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi nílò dókítà lójú méjèèjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé sálúbàtà bàbá mi ló ń wọ̀, orí ti ń fọ́ ọ láti ọjọ́ mẹ́ta, òòyì sì ń kọ́ ọ. Bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Balad, ọjà àárín ìlú. Àwa mẹ́ta péré ni ìyá mi bí. Mo rọra na ìka mẹ́ta sí nọ́ọ̀sì ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Màmá àgbà rí i, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ká àwọn ìka náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí ayé gbọ́ ni?”

Bá a ṣe padà sílé láìrí dókítà nìyẹn.

Ta ló fẹ́ já màmá àgbà níyàn? Kò bá wa tan o. Yàrá kan ló ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wa, ṣùgbọ́n òun ló gbẹ̀bí mi, òun náà ló sì ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun ilé náà, ì báà jẹ́ ọmọ Yorùbá, ọmọ Haúsá tàbí ọmọ Yemen. Òórùn òrí àti tùràrí ló máa ń kọ́kọ́ dé kó tó dé. Á jókòó sórí àpótí ní balùwẹ̀, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀, a ó sì máa gbọ́ gbà, gbà, gbà bó ṣe ń da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i nídìí. Á fa apá kan, á fa èkejì, á ju ọmọ sókè, á sì hán an. Ìyá ará Yemen tó ń gbé lókè máa ń fi ìbòrí bo ojú títí yóò fi parí, síbẹ̀ òun náà ló ń gbé tirẹ̀ wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá àgbà dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. “Ó fẹ́ mọ iye wọn, àbí? Kó fi ojú ara rẹ̀ kà wọ́n. Kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu tèmi. Gbogbo ọmọ mi, ẹ dà?”

Páálí máàmúùlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, bisikíìtì tí wọ́n ń ki dàbínù sínú rẹ̀. Ta ni kò ní jáde? Mọ́kànlá ni wá tá a tẹ̀ lé e, Ọlọ́run dárí jì mí pé mo kà wá: àwa mẹ́ta, àwọn ìbejì ará Kano, ọmọ ìyá Yemen, àti àwọn tí mi ò mọ ilé tí wọ́n ti jáde.

Nígbà tí àwa àti ìyá mi dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fi bírò tọ́ka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ọmọ Yemen, tó pupa fòò, ó wo ọmọ, ó wo ìyá mi, ó kà á mọ́ wa.

“Sọ fún un kó sọ Màṣáálàhù!” ni màmá àgbà ń pariwo. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Ìyá mi di orí mú, ó dijú, kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń lọ. Èmi fẹ́ ṣàlàyé, Ọlọ́run ló mọ̀, ṣùgbọ́n máàmúùlù ti kún mi lẹ́nu.

“Oyún kejìlá!” Nọ́ọ̀sì fò dìde, ó fa ìyá mi kọjá gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ti ru kọjá ààlà. Kíá ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀gáríbì, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, àbúrò mi obìnrin ti dé. Dókítà sọ fún bàbá mi pé ká ní ó di ọjọ́ méjì sí i, tìyá-tọmọ la ò bá pàdánù. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá bí mẹ́ta péré, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ń ní kó padà wá.

“Ẹ rí i?” ni màmá àgbà wí. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká kà wọ́n!” Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Níbi tó ti ń wẹ àbúrò mi ni mo ti bi í pé, “Màmá, ẹ̀yin náà ń kọ́, ọmọ mélòó lẹ bí?” Ó kàn ń fi òrí ra orúnkún ọmọ. Ìgbà tí mo dàgbà ni ìyá mi tó sọ fún mi pé màmá àgbà bímọ, ó bímọ, ẹyọ kan ò dúró. Ó dùn mí pé mo béèrè.

Lọ́dún tó kọjá, màmá àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn ní Mẹ́kà, torí àdúgbò Tandabawi níbẹ̀ ló kó lọ nígbẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì kékeré kan gbé kọ̀ǹpútà dé: ọmọ mélòó ni Àlàájà ní? Mo mọ ìdáhùn. Mo ti la ẹnu. Ni ọwọ́ gbígbẹ kan bá jáde lábẹ́ aṣọ ìbora, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹkún gbọ̀n mí, ẹ̀rín sì pa mí.

“Ẹ jọ̀ọ́,” mo ní, “ẹ yọjú síta kí ẹ kà wọ́n fúnra yín.”

Ọmọ Yemen ti hu irùngbọ̀n. Àwọn ìbejì ń jà lórí àga kan ṣoṣo. Àbúrò mi pọn ọmọ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà pẹ́ níta.

Èmi náà ti di abiyamọ, mo sì máa ń sọ iye ọmọ mi fún nọ́ọ̀sì, torí mo mọ ohun tí fáìlì lè ṣe. Ti màmá àgbà ni mi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé mo wà nínú wọn.