Orúkọ Keje Lábẹ́ Ère Mábù

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Cornelius ti ń gbẹ́ orúkọ òkú sára òkúta ibojì ní Ìlaròó. Kò gbẹ́ orúkọ alààyè rí, àfi ìgbà tí Dinah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi lọ́rì gbé ère kan láti Kútọnu gba Ìdí-Ìrókò wọlé.

Obìnrin ni ère náà, òkúta mábù funfun. Ó kúnlẹ̀, ó fi aṣọ rẹ̀ bo ọmọbìnrin kékeré kan mọ́ra, ó sì gbójú sókè bí ẹni tí nǹkan ń já bọ̀ lé lórí. Ọwọ́ àwọn Faransé kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni Dinah ti rà á.

"Wo bó ṣe di ọmọ rẹ̀ mú! Iwájú ilé ni mo máa gbé e sí, kí n fi dúpẹ́. Gbẹ́ orúkọ àwọn ọmọ mi méjèèje sí ìsàlẹ̀ rẹ̀."

Mẹ́fà ni Dinah bí. Ìkeje ni Morádéyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Cornelius ní, tí Dinah gbà tọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ o."

"Ta ló ń kà á fún mi? Èmi ni mò ń ka tèmi! Odidi alàgbà ìjọ, òkúta ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Cornelius rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í.

Lọ́jọ́ kejì, Peace, olùkọ́ èdè Faransé tó ń gbé lódìkejì títì, yà wá wò ó. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ère náà.

"Bàbá, ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Níóbè ni obìnrin yìí, nínú ìtàn àwọn Gíríìkì. Ọmọ mẹ́rìnlá ló bí. Ó kà wọ́n, ó fi wọ́n yangàn sí òrìṣà obìnrin kan tí ò bí ju méjì lọ. Àwọn méjì yẹn ló ta àwọn ọmọ Níóbè lọ́fà, títí ó fi ku èyí tó fi aṣọ bò yìí."

"Èyí ńkọ́?"

"Wọ́n pa òun náà. Ìtàn ni, Bàbá. Ẹ má gbé e sọ́kàn."

Cornelius gbàdúrà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó bá kọ̀ láti gbẹ́ ẹ ti gbà pé òkúta ń gbọ́rọ̀. Ó mú òòlù àti ṣísẹ́lì, irin tó fi ń gbẹ́ òkúta. Akínladé. Àṣìkẹ́. Ọláoyè. Adéwùnmí. Ìdùnnúolúwa. Ọlámipọ̀. Ó gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìdúró.

Nígbà tó kan ìkeje, ó gbé ṣísẹ́lì lé ojú òkúta, ọwọ́ kọ̀. Èèyàn lè sin Ọlọ́run fún ogójì ọdún kó má mọ bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tó, àfi lọ́jọ́ tó bá kan ọmọ tirẹ̀. Ó tún gbàdúrà. Àdúrà náà ò kọjá ètè rẹ̀. Ó nu eruku mábù kúrò, ó jókòó.

Lọ́sàn-án Sátidé, Dinah dé. Ó ń fi ìka tọ orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ìka rẹ̀ fi dé ibi tó ṣófo.

"Morádéyọ̀ ńkọ́?"

"Àyè ò tó mọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Dinah wo àyè náà. Ó lè gba orúkọ méjì.

"Cornelius, kí lo mọ̀ nípa ère yìí?"

Ó sọ ìtàn náà fún un pátá, kò gbójú sókè.

"O mọ̀," ni Dinah wí jẹ́jẹ́. "O mọ̀, o sì gbẹ́ orúkọ àwọn tèmi."

"Ìtàn lásán ni. Kò lágbára kankan."

"Tó bá jẹ́ lásán, gbé ṣísẹ́lì. Gbẹ́ orúkọ ọmọ tìrẹ sí i."

Ṣísẹ́lì náà wà nílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Cornelius kò fọwọ́ kàn án.

Dinah fa fóònù yọ, ó pe Akínladé. Ó ń dún, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Bóyá ó ń wa mọ́tò lọ́wọ́ ni," Cornelius wí.

Dinah gé ìpè náà. Ó ti ń pe Àṣìkẹ́.