Kúlà Tí Wọ́n Gbé Wá Gba Ọpọlọ Nimat

Nimat Oníbúrẹ́dì kú láàárọ̀ Jímọ̀ tó kọjá, nínú ilé tó kọjú sí tèmi ní Ìkòsì. Ní aago mẹ́jọ, Adédiwúrà ọmọ rẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn dókítà tó ń ṣèwádìí àìsàn ìyá rẹ̀: "Mummy ti kú." Kí aago mẹ́wàá tó lù, wọ́n ti dé. Ọkùnrin méjì, pẹ̀lú kúlà ńlá kan tó kún fún yìnyín. Wọ́n ní ọpọlọ òkú làwọn wá gbà.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ yìí ti ń pe nọ́ńbà kan náà, nígbà tí omi ń há ìyá rẹ̀ lọ́fun. Kò sẹ́ni tó gbé e. Nígbà tí Nimat ń mí, ọ̀nà jìn, kò sí mọ́tò. Èémí bọ́ tán, mọ́tò yọjú! Ṣé òkú nìkan lẹ máa ń tọ́jú ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Bẹ́kìrì rẹ̀ ló ń jí àdúgbò wa. Bí mo bá yọjú, á ní, "Uncle oníròyìn, eyín yín ti ń lọ, mo ti fi èyí tó rọ̀ pamọ́ fún yín." Kì í parọ́, eyín mi ń lọ lóòótọ́.

Àìsàn tó pa á yìí náà ló pa bàbá rẹ̀. Èèyàn á kọ́kọ́ máa rìn bí ọ̀mùtí, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ahọ́n á wúwo. Ẹnu ayé ní èpè ìdílé ni. Lọ́dún 2003 ni Dókítà Elkanah, ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà, wọlé tọ Nimat wá, ó ní kì í ṣe èpè, nǹkan kan ló bàjẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, tó ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ, tó sì ń ba ọpọlọ jẹ́. Ó nawọ́ sí ìyẹ̀fun: "Mummy, yíìsì tí ẹ fi ń pò ó yìí, irú nǹkan náà wà lára tiẹ̀ pẹ̀lú. Ara yíìsì la ti máa kọ́kọ́ wádìí rẹ̀, ká tó dé ọpọlọ èèyàn, ká tó rí ìtọ́jú." Inú Nimat dùn! Ó sáré wá bá mi pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́: "Uncle, ẹ gbọ́ nǹkan! Èmi àti yíìsì, ẹbí ni wá!"

Ìgbà mọ́kànlá ló fún wọn lẹ́jẹ̀. Ó ní kí wọ́n gba ti Adédiwúrà náà. Wọ́n ṣèlérí pé nọ́ọ̀sì á máa wá lóṣooṣù, pé àwọn á sì sọ bóyá àìsàn náà wà lára ọmọ. Ọdún mẹ́rin rèé. Ẹ̀jẹ̀ lọ, èsì kò bọ̀.

Mo lọ sí ilé ìwádìí yẹn lọ́dún tó kọjá. Wọ́n fi yíìsì hàn mí nínú ìgò. Ó ń jẹ ṣúgà, ooru rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀, jẹnẹrétọ̀ méjì ń ṣọ́ ọ. Mo béèrè nọ́ọ̀sì Nimat. Wọ́n ní kò sí epo tí mọ́tò máa fi gbé e wá.

Wọ́n sì ti kọ̀wé jáde lórí àìsàn Nimat. Mo kà á. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú bo ojú Nimat nínú àwòrán, wọ́n pè é ní Aláìsàn Kẹta. Lójú ewé kẹsàn-án, wọ́n kọ ọ́ pé tó bá yá, ọ̀fun irú aláìsàn yìí kì í lè gbé nǹkan olómi mì, kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ tó ki, lórí ìjókòó. Wọ́n mọ̀! Adédiwúrà kò mọ̀. Ẹ̀kọ mímu ló ń fún ìyá rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀, ṣíbí kan lẹ́yìn ìkejì, ó sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ó ń sọ báyìí pé òun lòun pa ìyá òun. Rárá o, ọmọ mi. Àwọn tó mọ̀ tí wọ́n dákẹ́ ló pa á.

Láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn, wọ́n na ìwé kan sí Yúnúsà, àbúrò Nimat, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tẹ̀ka sí i, kí wọ́n gba ọpọlọ òun tí òun bá kú. Yúnúsà ní, "Ẹ fẹ́ la orí ẹ̀gbọ́n mi bí orí ewúrẹ́? A ti wẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fọ̀bẹ kàn án, á ríran wò!" Ó já kúlà gbà. Wọ́n sá wọ mọ́tò. A sin Nimat kí wọ́n tó kírun Jímọ̀, ara rẹ̀ pé, ohunkóhun kò dín níbẹ̀.

Mi ò bá ìwádìí jà. Nimat fẹ́ràn rẹ̀ jù yín lọ. Ṣùgbọ́n lánàá, ife bọ́ lọ́wọ́ Adédiwúrà lójú mi, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó wò mí, mo wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ohun tó ń bọ̀ wá bá a wà nínú fáìlì yín, òun nìkan ni kò mọ̀ ọ́n.

Dókítà Elkanah, kúlà yín wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ẹ wá gbé e. Ẹ mú èsì ọmọ yìí dání, ẹ mú nọ́ọ̀sì dání, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó gbọ́ fóònù tí kò gbé e. Mo fún yín lọ́jọ́ méje. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀: bí ẹ kò bá wá, èmi ni mo máa ru kúlà náà wá sẹ́nu géètì yín, pẹ̀lú Yúnúsà àti gbogbo ẹnu tó jẹ búrẹ́dì obìnrin yẹn, a ó sì wo ẹni tó máa kọjá. Bí ẹ bá sì dé Ìkòsì, ẹ má béèrè ilé Aláìsàn Kẹta. Ẹ béèrè ilé Nimat. Èmi ni mo máa ṣílẹ̀kùn.