Ọjọ́ Tí Mo Wẹ̀ fún Ewúro Màmá Àgbà

Màmá àgbà di ẹsẹ̀ méjèèjì àbúrò mi ìkókó mú, wọ́n gbé e sókè, orí rẹ̀ ń fì nísàlẹ̀, ó sì ń ké ní gbogbo agbára rẹ̀. Ooru omi ti bo dígí ilé ìwẹ̀. Òórùn ọṣẹ dúdú àti òrí gba gbogbo ilé. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, nítorí iṣẹ́ tèmi nìyẹn láràárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ìwé. Mummy dúró lẹ́yìn mi, wọ́n fi ọwọ́ bojú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Tí health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ nílé, bá rí yín ńkọ́?"

"Kó máa bọ̀," ni Màmá àgbà dáhùn. "Omi ṣì gbóná. Màá wẹ̀ fún òun náà, ara ẹ̀ á le."

Wọ́n gba táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ mi, wọ́n rì í bọ omi gbígbóná, wọ́n fún un, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò, wọ́n wá fi ń tẹ gbogbo oríkèé ara ọmọ náà. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bá tẹ̀ báyìí, òtútù ò lè rí i gbé ṣe. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Ohunkóhun tí Màmá àgbà bá ti sọ, abẹ gé e.

Ìyá bàbá mi ni wọ́n. Oṣù kẹfà ni wọ́n dé bá wa ní Peckham, nílùú òyìnbó, torí oyún àbúrò mi. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni fúláàtì wa wà, ó sì ní àyè kékeré kan lẹ́yìn tí a ń pè ní garden, àmọ́ tí kẹ̀kẹ́ mi tó ti bàjẹ́ àti àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Kí oṣù tó parí, Màmá àgbà ti kó gbogbo rẹ̀ dànù. Wọ́n gbin tòmátì, wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀, wọ́n sì gún igi ewúro kan mọ́lẹ̀, èyí tí obìnrin kan tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí fún wọn. Nígbà tí oṣù kọkànlá fi máa dé, tòmátì ti kú, tẹ̀tẹ̀ ti kú, ewúro nìkan ló kù, ó ti ga dé èjìká mi.

Bí òtútù ti ń wọlé yẹn, ilé wá dùn ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Tí Màmá àgbà bá ti kírun àsùbáà tán, tí ilẹ̀ sì ti mọ́, wọ́n á wọ jákẹ́ẹ̀tì méjì lé ìró, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa gbá ewé tó ń já bọ́ láti ara igi aládùúgbò wa. Igi yẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín púpọ̀. Wọ́n ní gbogbo ayé ń wọ aṣọ kún aṣọ, òun ń bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, aláìnítìjú. Wọ́n máa ń sá èèpo ọsàn lórí híítà kí ilé lè ta sánsán. Ògì wọn kọ̀, kò kan nínú òtútù, ni wọ́n bá fi kádígàn bàbá mi wé e, wọ́n gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ omi gbígbóná wà. Gbogbo bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wa ń rùn fún ògì. Mummy ráhùn títí ó sú wọn. Èmi ò ráhùn ní tèmi, nítorí tí mo bá ti dé láti ilé ìwé, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ń dúró dè mí, a ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, a ó máa fi ẹnu rú èéfín sí ara wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, atẹ́gùn ń fẹ́ gan-an. Màmá àgbà ká kọ́tìnì, wọ́n wo ewúro náà pẹ́.

"Ìyàwó mi," wọ́n sọ fún Mummy, "ewúro yìí ni alábàárò mi níbí. Ọjọ́ tí òtútù bá pa á, ọjọ́ yẹn ni màá di ẹrù mi."

Mummy rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jẹ àkàrà tó kù lọ́wọ́ mi mọ́. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn ju gbogbo ohun tó wà nínú ilé wa lọ, mo sì ti ń rò ó pé tí wọ́n bá lọ, ilé á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àwa àti tẹlifíṣọ̀n.

Àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀lé e ni mo jí, tí mo yọjú lójú fèrèsé, tí mo rí i pé ìrì dídì ti sọ gbogbo garden di funfun. Ewé ewúro ti ká jọ. Gbogbo ilé ṣì ń sùn, Màmá àgbà náà ti padà sùn ti àbúrò mi. Kí ni kí n ṣe? Ohun tí mo mọ̀ náà ni mo ṣe. Mo bu omi gbígbóná sínú ike ìwẹ̀ ọmọ, mo fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò. Mo mú táwẹ́ẹ̀lì, mo mú òrí. Ìbọ̀sẹ̀ lásán ni mo wọ̀ jáde. Mo da omi sí i láti orí dé ìdí, mo fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ gbogbo oríkèé rẹ̀, mo sì fi òrí pa ewé kọ̀ọ̀kan títí ó fi ń dán. Ọpẹ́lọpẹ́ gbòǹgbò, ǹ bá dì í lẹ́sẹ̀ mú gbé e sókè.

Kó tó di ọ̀sán, ewé yẹn ti dúdú, ó rọ̀ jọwọlọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ohùn Màmá àgbà láti ẹ̀yìn.

"Ta ló fi òrí pa ewúro mi?"

Mo sáré jáde pẹ̀lú ẹkún. "Èmi ni, Màmá. I was just trying to warm it up. Mo wẹ̀ fún un bí ẹ ṣe ń wẹ̀ fún baby. Sorry, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pack. Ẹ má lọ sílé."

Màmá àgbà wò mí, wọ́n wo ewúro. Wọ́n jókòó lé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó dojú dé, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́ lórí wọn. "Wọ́n ní ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Tìẹ tún yàtọ̀, o pe ẹ̀fọ́ ní ọmọ ìkókó!" Ìgbà tí wọ́n rí i pé ẹkún mi kì í ṣe ẹkún ṣeréṣeré ni wọ́n dákẹ́. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n fi èékánná ha ara igi náà. Ó tutù yọ̀yọ̀ lábẹ́ èèpo.

"O rí i? Ewé ló lọ. Igi ò kú."

Mo nu imú. "So ẹ ò ní lọ mọ́?"

Àgbà mìíràn ì bá ti sọ pé rárá, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Màmá àgbà rò ó díẹ̀.

"Màá lọ o. Mo nílé, mo lọ́mọ mìíràn níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ewúro ló máa lé mi, ìwọ náà kọ́ lo máa lé mi. Òní ńkọ́? Níbo ni mo wà lónìí?"

"Ẹ wà níbí."

"Ó dáa. Lọ wọ bàtà, kó o wá bá mi gé e."

A gé e kù díẹ̀, a sì kó ewé gbígbẹ igi aláìnítìjú yẹn lé ìdí rẹ̀ lórí. Ó hù padà ní ìparí oṣù karùn-ún. Oṣù yẹn kan náà ni Màmá àgbà lọ sílé, nígbà tí àbúrò mi ti ń di àga mú dìde. Mo sunkún ní pápákọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà mí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Catford ni mò ń gbé báyìí, nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ní ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ Màmá àgbà tí mi ò tíì jù nù ni pé n kì í parọ́ fún ọmọ torí kí n lè sinmi lẹ́nu rẹ̀. Kì í rọrùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, à ń jẹ ẹ̀pà sísè, òtútù ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

"Mummy, ṣé ẹ máa lọ síṣẹ́ tomorrow?"

Sunday ni ọjọ́ kejì, mo sì mọ̀ pé kò fẹ́ gbọ́ ọ. "Màá lọ. Early shift ni. O ò tíì ní jí tí màá fi lọ."

Ó jẹ ẹ̀pà méjì, ó rò ó. "But you're here now, though."

"Mo wà níbí."

"Okay, ẹ shift up," ló wí, ó sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó tutù bíi yìnyín bọ abẹ́ itan mi.